Màmá Dúró-Ná

Orúkọ méjì ni obìnrin yìí ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ló mọ̀ nínú méjèèjì. Èyí tó mọ̀ ni Ìyá Rọra. Àwọn aboyún ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní yàrá ìrọbí tó ti ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí láti ọdún méjìdínlógún, nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "Rọra, ìyá mi. Má tíì tì í. Rọra, ọ̀rẹ́ mi." Obìnrin tó bá wọlé tó ń ṣépè fún ọkọ, tó ń ṣépè fún ẹni tó fi ọkọ hàn án, tó bá ti gbọ́ rọra yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ á wálẹ̀. Àwọn tó ti bímọ lọ a máa pàdé rẹ̀ lójú pópó, wọ́n á sì ti ọmọ wọn síwájú: "Wò ó, Ìyá Rọra nìyí. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹ láyé." Ọmọ á wò ó láti òkè délẹ̀, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Kí lọmọ ọ̀hún fẹ́ rántí?

Orúkọ kejì ńkọ́? Ẹ fara balẹ̀. Ó wà lọ́nà, a ó bá a níbẹ̀.

Ẹni ọdún méjìlélógójì ni, ó ga díẹ̀, ó sì ní aago kan tó máa ń fi pínnì há àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó kọ orí sísàlẹ̀. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, wàá rí aago náà lódìlódì, o ò ní lè kà á. Òun nìkan tó ń wò ó látòkè ló ń rí i bó ṣe yẹ. Aago yẹn ló fi ń ka ìrora àwọn obìnrin, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń rán wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ ìkìlọ̀ kan tí kì í gbàgbé. "Iṣẹ́ wa yìí," á ní, "ìdúró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ó máa sọ fún aboyún pé kó dúró ná. Ṣùgbọ́n tí orí ọmọ bá ti yọ, ẹni tó bá tún ní kó dúró ná kì í ṣe agbẹ̀bí mọ́, ọ̀tá ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n máa ń fún un jù. Aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde nílé, ó di aago mẹ́jọ àárọ̀ kó tó padà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo á sì ti lọ sílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ọmọ bá dé lọ́sàn-án, ìyá ń sùn. Nígbà tí ìyá bá jí, ó ku wákàtí méjì kó tún jáde. Inú wákàtí méjì yẹn ni wíwẹ̀ wà, inú rẹ̀ ni aṣọ lílọ̀ wà, inú rẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù, nítorí ọkùnrin náà ń bá wọn ṣe afárá níbi tó jìn ní ìrìn ọjọ́ méjì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wálé. Ìyá rẹ̀ tó ń bá wọn gbé ló ń tọ́jú ọmọ. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣàìní ìyá.

Ẹ sì má rò pé ọmọ tí wọ́n ṣèèṣì rí ni. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wá a. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni obìnrin yìí fi ń gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ìyá wọn, tó ń nù wọ́n, tó ń dì wọ́n, tó ń gbé wọn fún ẹni tó ni wọ́n, tí yóò wá fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ sílé. Ìgbà tí tirẹ̀ dé, ó ní òun ò ní gbé e sílẹ̀ láé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìsinmi parí, ó gbé e sílẹ̀. Láti ìgbà náà, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ló máa ń sùn sí, kì í sùn sórí tirẹ̀. Òórùn orí ọmọ náà wà lára ìrọ̀rí. Á fi imú sí i, á sì sùn lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọsibítù, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí tó wà ní ẹ̀yìn ọsibítù náà ń gba olùkọ́ lọ́dọọdún, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ní ìwé ẹ̀rí gíga. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á kọjá. Òun dúró tì í. Gbogbo ayé ṣì rò títí dòní pé ipò ló wọ̀ ọ́ lójú. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló mú un lẹ́sẹ̀: iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó ń parí ní aago méjì ọ̀sán.

Aago méjì. Aago méjì àbọ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ń jáde. Ó ti rí ara rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ti rí i bí ọmọ ṣe ń sáré bọ̀, ó ti gba báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti dijọ ń rìn lọ sílé, tí ọmọ ń rojọ́ tí kò ní ìdí tí kò ní orí. Nítorí ìrìn ìdajì wákàtí yìí ni ẹni ogójì ọdún ṣe ra ìwé àjákọ, tó tún padà di ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ ọdún kan ni wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí náà, ní ọjọ́ Sátidé. Ìdánwò ẹyọ kan ló wà lópin rẹ̀. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lè tún un ṣe lọ́dún kejì, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Wàyí o, ojú obìnrin yìí kì í gba ìwé. Etí rẹ̀ ló ń gbà á. Bó ti wà láti kékeré nìyẹn. Tó bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó lè má rántí, ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ́ ọn lórí. Ló bá dá ọgbọ́n kan. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti lọ aṣọ tán, á ti ilẹ̀kùn yàrá, á gbé fóònù sórí tábìlì, á máa ka ìwé sókè ketekete, fóònù á máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú márùndínlógójì, á ki okùn fóònù bọ etí, á máa gbọ́ ara rẹ̀. Ohùn mọ́kànlélógójì ló gbà sílẹ̀ nígbà tó parí, ó sì fi nọ́ńbà sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n náà dára. Èmi náà ò rí àléébù kan lára rẹ̀ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n wákàtí tó fi ń kàwé yẹn, wákàtí kan náà ni ọmọ ní láti fi rí i.

Ẹni ọdún mẹ́fà ni ọmọ náà nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni. Á ti ilẹ̀kùn díẹ̀, á yọ orí. "Màmá, ẹ wò ó, mo ya ewúrẹ́." Ìyá á ní, "Dúró ná," á sì máa ka ìwé lọ, kò ní pa fóònù, nítorí tó bá pa á, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. "Ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún." "Dúró ná." Ilẹ̀kùn á padé. Lọ́jọ́ mìíràn: "Màmá, níbo ni ẹyẹ máa ń tọ̀ sí?" "Dúró ná." "Màmá, ṣé òkùnkùn náà máa ń sùn?" "Dúró ná, mò ń bọ̀." Lọ́jọ́ kan tí kò sí ìbéèrè rárá: "Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín." "Dúró ná." "Mo ti ń dúró."

Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú fóònù. Nígbà tó bá ń gbọ́ wọn lójú ọ̀nà, tó bá ti kù díẹ̀ kí ọmọ yọjú, ó mọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ pàápàá mọ ibẹ̀. Á tẹ fóònù níwájú lẹ́ẹ̀kan, ohùn ọmọ á fò kọjá, ìwé á máa bá a lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ń dùn ún tó bá gbọ́ ọ ni, kò sì ṣeé ṣe kéèyàn máa sunkún wọ yàrá ìrọbí.

Ìdánwò àkọ́kọ́ dé. Láti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ ló ti lọ síbẹ̀ tààrà. Obìnrin mẹ́ta ló bí mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkẹta bí ìbejì. Ó jókòó, ó dáhùn ìbéèrè kìíní, ó dáhùn èkejì, ó dé orí ìkẹta, oorun gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án léjìká, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ẹnu ilé ọmọ ti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà mélòó?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó délé, ó sunkún.

Ọkọ rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀. "Ìwọ ìyàwó mi, iṣẹ́ tó o ń ṣe kò ha tó ọ?" ó ní lórí fóònù. "Ọmọ ń bẹ ńlé, ìyá ń bẹ ńlé, kí lo ń lé?"

"Aago méjì ọ̀sán ni mò ń lé," obìnrin náà ní.

Ọkùnrin náà mọ bó ṣe máa ń dun èèyàn kó máa rí ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. "Ó dáa," ó ní. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, ó ń ka ìwé tó kù sínú fóònù. Ohun kan sì ń dùn mọ́ ọn nínú lọ́dún náà: ilé parọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Láti orí ọgbọ̀n lọ, fóònù mọ́ tónítóní, ohùn tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ò sì ní iṣẹ́ mọ́. Ó ń fi ọmọ náà yangàn níbi iṣẹ́. "Ọmọ mi ti gbọ́n," ó ní. "Ó ti mọ̀ pé tí mo bá ń kàwé, mò ń kàwé."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nílé lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ tó bá dákẹ́ kì í ṣe pé ó gbọ́n." Òun ò sì bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Aago mẹ́fà ti lù, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Fún ìdánwò kejì, ó gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Ó sùn, ó jí, ó wẹ̀, ó dé gbọ̀ngàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ara rẹ̀ yá gágá. Ìbéèrè kìíní, ó mọ̀ ọ́n. Èkejì, ó mọ̀ ọ́n. Ìkẹta tó mú un sùn lọ́jọ́sí, ó dáhùn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ó wá dé orí ìkẹrin: "Kọ àmì mẹ́ta tí agbẹ̀bí fi ń mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ fún obìnrin tó ń rọbí mọ́ pé kó dúró."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún nìyẹn. Ó di ojú, ó ní kí etí òun máa kà á. Ohùn ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́: àmì kìíní, ara obìnrin náà á máa tì fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó tì. Ó kọ ọ́. Àmì kejì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wú síta. Ó kọ ọ́. Ó wá dúró de ẹ̀kẹta. Ohun tó tẹ̀ lé e nínú etí rẹ̀ ni, "Màmá, ẹ wo eyín mi, ó ti ń mì."

Ó ya ojú, ó tún un dì. Ohun kan náà. "Màmá, ẹ wo eyín mi, ó ti ń mì." Àmì kẹta kò sí níbẹ̀. Ibi tí ọmọ ti yọjú gan-an ni àmì kẹta wà, òun àti ọmọ ni àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń fò kọjá láti ọdún kan ó lé, ti ọmọ, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ti ìwé, etí kì í rántí ohun tí kò gbọ́. Ẹ mọ̀ pé agbẹ̀bí ọdún méjìdínlógún lẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń wá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní mọ̀.

Ó wá ń ro eyín náà. Eyín wo ni? Tòkè ni àbí tìsàlẹ̀? Ìgbà wo ló bọ́? Ta ló bá a yọ ọ́, ṣé ó ṣẹ̀jẹ̀, ṣé ó sunkún? Kò mọ̀. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́jọ wá, eyín àkọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun ò mọ ọjọ́ tó bọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé ìdánwò.

Bàbá tó ń ṣọ́ wọn rìn wá pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀ tó ń dún pa-pa-pa. "Màdáámú, ṣé kò sí o?"

"Eyín ni, sà."

"Eyín ń dùn yín?"

"Kì í ṣe tèmi."

Bàbá náà wò ó, ó wo òrùlé, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Obìnrin náà nu ojú, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì, ọwọ́ tó ti gba ọmọ tí kò lóǹkà. Ọwọ́ náà ló rántí. Àmì kẹta: orí ọmọ á yọ. Ó kọ ọ́, ó sì wo ohun tó kọ. Ẹ rántí ohun tó ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Òun náà rántí rẹ̀.

Ó jáde ní gbọ̀ngàn, kò lọ sílé tààrà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ki okùn bọ etí, ó bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yí ọ̀nà padà. Ìwé ló ń fò, ọmọ ló ń dúró gbọ́.

Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ẹyẹ kọjá. Òkùnkùn kọjá. Ó yọ bírò, ó ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ìbéèrè ìdánwò, ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn, ó ní òun á dáhùn gbogbo wọn lónìí. Nígbà tó fi dé orí ogún, ó ṣàkíyèsí pé ìbéèrè ń dín kù. Ní ìkẹrìnlélógún, ọmọ kò bi í ní nǹkan kan, ó kàn ní, "Màmá," ó sì ti ilẹ̀kùn padà kó tó dáhùn. Ní ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, ilẹ̀kùn ṣí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn padé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí mọ́. Ohùn tirẹ̀ nìkan, ketekete, tónítóní, bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ó ń gbọ́ wọn lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ìkejìdínlógójì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ ọ, ohùn náà kéré, ó jìnnà, ariwo ojú ọ̀nà ti ń bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ń ké pé, "Màmá Àgbà, ẹ wá wo nǹkan." Ìyá rẹ̀ àgbà dáhùn pé, "Ọkọ mi, lọ fi han ìyá ẹ, ó wà nínú yàrá." Ọmọ sì dáhùn, kò bínú, kò sunkún, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀: "Ẹ má pè é. Màmá Dúró-Ná ń kàwé."

Orúkọ kejì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì náà.

Nígbà tó délé, ọmọ wà lẹ́yìnkùlé, ìyá àgbà wà ní pálọ̀, ó ń to aṣọ. "Màmá," obìnrin náà ní, "eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́?"

Ìyá náà kò bi í pé eyín ta ni. Ó dìde, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ilé ìṣáná òfìfo kan jáde. Eyín náà wà nínú rẹ̀, nínú bébà, kékeré, funfun. "Mo mọ̀ pé wàá bèèrè," ó ní. "Mi ò kàn mọ̀ pé á pẹ́ tó báyìí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo? Tó o bá ń sùn ni, àbí tó o bá ń kàwé?"

Obìnrin náà pe ọmọ wọlé, ó mú un jókòó, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ó ní ewúrẹ́ yẹn dà, òun fẹ́ rí i. Ọmọ ní ìwé náà ti ya. Ó ní ní ti ẹyẹ, ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde lára wọn. Ọmọ ní òun mọ̀, olùkọ́ àwọn ti sọ ọ́. Ó ní òkùnkùn kì í sùn. Ọmọ rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín téèyàn máa ń rín fún àlejò, ó ní, "Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ni mo bèèrè yẹn." Ẹni ọdún mẹ́jọ ló ń wí bẹ́ẹ̀ o.

Ó wá kan èyí tó kẹ́yìn. "Ọjọ́ kan wà tó o ní o fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi. Mo ní kó o dúró. O ní o ti ń dúró. Kí lo fẹ́ sọ?"

Ọmọ náà ro ó, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó hàn lójú rẹ̀. "Mo ti gbàgbé, Màmá," ó ní. "Ẹ má bínú."

Ẹ má bínú, òun ló tún ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá fà á mọ́ra. Ọmọ jẹ́ kó fà á mọ́ra, ó dúró bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó wá ní, "Ṣé kí n padà lọ ṣeré?"

Ìdánwò náà yọrí sí rere. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, tirẹ̀ sì wà ní ìkẹta látòkè. Ilé ẹ̀kọ́ gbà á. Aago méjì ọ̀sán tó ń lé, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti dé ẹnu géètì kí aago méjì àbọ̀ tó lù, ó ń gbọ̀n bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Ọmọ jáde láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sáré. Ó kí i dáadáa, ó jẹ́ kó gba báàgì. Wọ́n rìn. "Báwo ni ilé ẹ̀kọ́?" "Dáadáa ni, Màmá." Gbogbo ìrìn ìdajì wákàtí tó fi ọdún méjì rà, gbólóhùn yẹn náà ni. Wọ́n délé, ọmọ ju bàtà sílẹ̀, ó sáré lọ bá ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Ìyá rẹ̀ dúró nínú ilé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà láti ojú fèrèsé.

Ó ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bóyá òun á bá ọmọ náà jókòó, òun á bi í ní ìdí.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ, rọra lò ń bá wọn sọ. Tìrẹ lo fẹ́ fi tipátipá fà jáde? Ṣí ilẹ̀kùn ẹ sílẹ̀, kó o jókòó. Ìwọ náà, dúró ná."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ń kọ ohun tó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn yàrá á ṣí gbayawu, á fi ìwé ńlá kan dí i kó má padé. Fóònù kò sí lórí tábìlì. Ọmọ á kọjá lọ, á kọjá bọ̀. Ìyá á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní gbé ojú sókè, ọkàn rẹ̀ nìkan ló ń dìde lọ bá a.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹsẹ̀ náà dúró. Ó gbé ojú sókè. Ọmọ náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di férémù mú.

"Màmá," ó ní. Ó rí bírò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣe tiyín tán ná. Màá dúró."

Ìyá gbé bírò sílẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ó rántí rọra, ó jókòó. "Mo ti ṣe é tán," ó ní, bẹ́ẹ̀ ìdajì ojú ewé ni. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Kò sí nǹkan kan." Ọmọ fi ẹsẹ̀ kan ha ìkejì. "Mo kàn wá wò ó bóyá ẹ wà ńlé ni."

"Mo wà ńlé."

"Ẹ ò ní jáde?"

"Mi ò ní jáde."

Ọmọ náà wo aago àyà ìyá rẹ̀, èyí tí kò tíì jáwọ́ nínú fífi há aṣọ láti ìgbà iṣẹ́ alẹ́. Láti ibi tó dúró, ó wà lódìlódì, kò lè kà á. Ó wọlé. Ó yí tábìlì ká, ó wá sẹ́yìn àga, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé èjìká ìyá rẹ̀, ó sì wò ó látòkè, bí ìyá náà ṣe máa ń wò ó.

"Aago mẹ́fà àbọ̀ ti kọjá," ó ní.

"Mo mọ̀."

Kò gbé àgbọ̀n rẹ̀ kúrò. Ìyá rẹ̀ kò mira. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ajá kan tó wọ kíláàsì wọn lọ́jọ́ Ajé.